Okùn Dákẹ́, Èémí Ò Dákẹ́

Òkè-Igbó,
Ọjọ́ kẹfà, oṣù kejì, ọdún 2000.

Akínfẹ́nwá, Àjàní ọmọ mi,

Ṣé o jí dáadáa? Ṣé ara le? Èmi ìyá rẹ wà níbí, mo ń jẹ, mo ń mu, àánú Olúwa kò sì tíì tán lórí mi. Àbúrò mi, Àǹtí rẹ Kíkẹ́, ní kí n kí ọ. Ewúrẹ́ tí o rà fún mi ti bímọ. Ìkíni tán.

Mo fẹ́ bi ọ́ ní ọ̀rọ̀ kan, má sì fi ẹ̀rín dá mi lóhùn, nítorí mo mọ̀ ọ́. Abdulwahab, awakọ̀ tó ń kó ọsàn wa lọ sí ọjà Creek Road ní Port Harcourt, dé lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní ibi tí òun ti ń já ẹrù sílẹ̀ létí omi lòun ti rí ọ. Ó ní inú odò lo ti jáde wá. Wọ́n fi nǹkan bí ìkòkò irin bo orí rẹ, okùn wà ní ìbàdí rẹ, ọkùnrin Kalabari kan tó dúró lókè ló sì ń fà ọ́ bí ẹni ń fa ẹran. Ó ní o bọ́ ìkòkò náà, o rẹ́rìn-ín, o sì gba ọsàn kan jẹ lọ́wọ́ òun. Àjàní, iṣẹ́ jórinjórin lo sọ fún mi pé o ń ṣe. Ta ni ń jó irin nínú omi? Iná àti omi, ìgbà wo ni wọ́n di ọ̀rẹ́?

Kí ni wọ́n fún ọ mu? Ta ló so okùn mọ́ ọ nídìí? Mi ò kì í ṣe ọmọdé, mo mọ ohun tí wọ́n ń fi ọmọ ọlọ́mọ ṣe létí odò. Mo ti gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ìjọ. Àwa ẹgbẹ́ aládùúrà ti gbààwẹ̀ lé e lórí, Bàbá Adésànyà, olórí ìjọ wa, sì ti dárúkọ rẹ níwájú pẹpẹ pé kí Olúwa já okùn náà. Mo fi àmùrè funfun kan rán Abdulwahab sí ọ. Mo ti gbàdúrà sí i. Tú okùn wọn, kí o so tèmi.

Ṣé o ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì? Ó pẹ́ tí mo ti ń bi ọ́ ní ìbéèrè yìí, àfi bí ẹni ń bi ògiri. Dá mi lóhùn lọ́tẹ̀ yìí.

Èmi ìyá rẹ,
Comfort.


Mile One, Diobu,
Port Harcourt.
Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù kejì, ọdún 2000.

Màmá mi,

Ẹ kú ilé, ẹ kú àfojúsọ́nà. Ara mi le, mo ń sùn, mo ń jí. Mo rí àmùrè gbà, mo sì rí apẹ̀rẹ̀ ọsàn tí Abdulwahab fi tọrọ àforíjì nígbà tí mo bi í pé ta ló rán an níṣẹ́ olófòófó.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ Bàbá Adésànyà kí wọ́n tètè gba àdúrà yẹn padà. Bí Olúwa bá já okùn yẹn, ẹ ò ní rí mi mọ́. Okùn yẹn ló ń mú mi wálé.

Jórinjórin ni mí lóòótọ́. Àwọn òpó irin tó gbé èbúté ró wà nínú omi, wọ́n ń dógùn-ún, ẹnìkan sì gbọ́dọ̀ lọ bá wọn nísàlẹ̀. Iná kan wà tí omi kì í pa. Èmi náà ò gbà á gbọ́ títí mo fi fọwọ́ ara mi tàn án. Mi ò sọ fún yín nítorí mo mọ̀ pé ẹ ò ní sùn. Ohun tó wà lórí mi kì í ṣe ìkòkò, akoto ni, rọ́bà kan ló sì ń gbé afẹ́fẹ́ wá sínú rẹ̀ láti òkè. Wáyà kan wà tó ń gbé ohùn, ṣùgbọ́n okùn ni èdè wa gan-an. Omi ibí yìí dúdú bí ọ̀dà. Bí ẹ bá gbé ọwọ́ síwájú ojú yín, ẹ ò ní rí i. Tamunotonye, ọkùnrin Kalabari tẹ́ ẹ fẹ́ fi àdúrà lé lọ, òun ló ń di okùn mú lókè. Á fà á: ṣé kò séwu? Èmi náà á fà á padà: kò séwu. Ọmọlúàbí ni. Belema ìyàwó rẹ̀ ló ń fún mi lọ́bẹ̀ ẹja lọ́jọ́ ìsinmi, nígbà tí wọ́n bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé.

Mo mọ̀ pé ẹ ti rí i pé "wọ́n" ni mo kọ, mi ò kọ "a". Màmá, ẹ ní kí n dáhùn. Mi ò kì í lọ. Láti ọjọ́ tí Bàbá mi ti kú, èmi àti Ọlọ́run ò sọ̀rọ̀ mọ́. Gbogbo yín gbààwẹ̀, ẹ fi òróró pa á lára, wòlíì kan sì dìde pé òun rí i tó ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọlé. Inú pósí ló wà tó fi wọlé. Ẹ̀yin dúró níbẹ̀, ẹ kọrin. Èmi ò lè kọ ọ́. Bí èèyàn bá fa okùn títí tí ẹnikẹ́ni ò fà á padà, yóò gbà pé kò sẹ́ni lókè. Mi ò fi ṣe àfojúdi sí yín, ẹ bi mí ni.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi irú díẹ̀ ránṣẹ́. Ògìrì ni wọ́n ń jẹ níbí, kò sì bá irú tan rárá. Bákan náà, ẹ ra gègé mìíràn. Ìlà ìwé yín ń gun òkè, ó ń sọ̀kalẹ̀, ọ̀rọ̀ ń gun ara wọn lẹ́yìn.

Ọmọ yín,
Akínfẹ́nwá.


Òkè-Igbó,
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹta, ọdún 2000.

Akínfẹ́nwá,

Mo kí ọ. Ìwé rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Gègé kọ́ ló jẹ̀bi, fi ọ̀rọ̀ gègé sílẹ̀.

Mi ò ní purọ́ fún ọ, ọ̀rọ̀ rẹ dùn mí wọ eegun. Ìwọ tí mo pọ̀n lọ sí orí òkè àdúrà, ìwọ lo wá ń fi pósí bàbá rẹ sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí mi. Ṣé ìwọ nìkan lo ṣòfò ni? Ọkọ mi ni. Mo kọrin nítorí pé bí mi ò bá kọrin, n ó ṣubú. Irú ò ní wá. Lọ́jọ́ tí o bá wọ ṣọ́ọ̀ṣì, kọ̀wé sí mi, n ó fi odindi ìkòkò irú ránṣẹ́. Máa jẹ ògìrì lọ ná.

A ti gba àdúrà yẹn padà. Bàbá Adésànyà rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi fọwọ́ di ìhà mú. Wọ́n ní kí okùn náà yi bí ẹ̀mí ológbò ni a óò máa bẹ̀bẹ̀ fún báyìí.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà ní ìjọ. Wọ́n ní ẹ̀mí ń bà lé mi. Wọ́n ní bí mo ṣe ń yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́, tí mo ń wo ibi tí ẹnikẹ́ni ò sí, áńgẹ́lì ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Wọ́n fẹ́ fi mí jẹ wòlíì ìjọ lọ́jọ́ ìkórè, lóṣù kẹwàá. Má bi mí ní ohun kan nípa rẹ̀.

Èmi ni mo fẹ́ bi ọ́. Nígbà tí o bá wà nísàlẹ̀ yẹn, tí ojú rẹ ò rí nǹkan kan, báwo lo ṣe ń mọ ibi tí o wà? Ṣé ẹ̀rù kì í bà ọ́? Má fi èyí ṣe ẹ̀fẹ̀.

Ìyá rẹ,
Comfort.


Òkè-Igbó,
Ọjọ́ kẹrin, oṣù kẹfà, ọdún 2000.

Àjàní mi,

Láti ìgbà Àjíǹde, mi ò gbúròó rẹ. Mo kọ̀wé, o ò fèsì. Mo rán Abdulwahab sí Mile One, ó ní òun kan ilẹ̀kùn títí, o ò ṣí i. Ó ní àwọn ará ilé rẹ sọ pé o wà nínú yàrá, o kì í lọ síbi iṣẹ́ mọ́, iná sì ń jó lọ́dọ̀ rẹ ní ọ̀sán gangan. Kí ló dé, ọmọ mi? Bí o bá ṣàìsàn, sọ fún mi. Bí o bá ṣẹ ẹnìkan, sọ fún mi.

Bí ó bá sì jẹ́ pé ọ̀rọ̀ irú ló ń bí ọ nínú, irú nìyí. Ìkòkò kan ni, mo ti yọ òkúta inú rẹ̀. Jẹ ẹ́. Má lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì bí o kò bá fẹ́ lọ. Ṣáà kọ̀wé.

Ìyá rẹ ni.


Mile One, Diobu,
Port Harcourt.
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kẹfà, ọdún 2000.

Màmá mi,

Ẹ kú ìrònú mi. Ẹ má bínú. Irú náà dé. Mo ṣí ìkòkò, òórùn ilé wa kún yàrá, mo sì sunkún bí ọmọdé. Inú ò bí mi sí yín. Mi ò mọ bí màá ṣe kọ ọ́ ni.

Lẹ́yìn Àjíǹde, à ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ èbúté àtijọ́ kan. Mo ń gé irin kan tó ti dógùn-ún, ni irin tó wà lókè rẹ̀ bá ya lulẹ̀. Ó tẹ okùn mi mọ́ inú ẹrẹ̀, ó já wáyà tí a fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀, iná tó wà lórí akoto mi sì kú. Ẹsẹ̀ mi kan há. Màmá, ó pẹ́ tí mo ti ń wọ òkùnkùn yẹn, ṣùgbọ́n òkùnkùn téèyàn fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ̀ yàtọ̀ sí èyí tó ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Mo fa okùn. Kò dáhùn. Mo tún fà á, ó dákẹ́. Mo pariwo nínú akoto títí ohùn mi fi há.

Mo ní kí n gbàdúrà, mi ò rí ọ̀rọ̀. Ìbínú ló jáde. Mo bi Ọlọ́run pé ṣé bó ṣe ṣe Bàbá mi nìyí, tó ń wò ó, tó dákẹ́. Gbogbo ohun tó ti wà nínú mi láti ọjọ́ ìsìnkú, mo kó o dà sílẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí mo sọ ọ́ tán, tí ohùn mi ò jáde mọ́, mo wá gbọ́ nǹkan kan. Ó ti wà níbẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, ariwo mi ni kò jẹ́ kí n gbọ́ ọ. Afẹ́fẹ́ ni. Ó ń wọlé láti inú rọ́bà, jẹ́ẹ́jẹ́, bí ìyá tó ń fẹ́ ẹ̀kọ gbígbóná fún ọmọ. Okùn dákẹ́, èémí ò dákẹ́. Mo bi ara mi pé bí kò bá sẹ́ni lókè, ta ló ń rán èyí sí mi? Gbogbo ọdún tí mo fi bínú yìí, mo ń mí. Kódà èémí yẹn náà ni mo fi ń sọ pé kò sẹ́nì kankan.

Màmá, mo bá A sọ̀rọ̀. Mi ò bẹ̀ Ẹ́ kó yọ mí. "Ẹ ṣé" ni mo ń sọ, bí mo ṣe ń mí ni mo ń sọ ọ́. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí, ẹsẹ̀ mi ṣì há, ṣùgbọ́n mi ò dá wà mọ́. Ó dá mi lójú bó ṣe dá mi lójú pé ẹ̀yin lẹ bí mi. Ibẹ̀ ni mo wà tí ọwọ́ kan fi bà mí léjìká. Tamunotonye ni. Ó ti gbé okùn fún ẹlòmíràn, ó wọ akoto, ó sì ń fọwọ́ tọ rọ́bà mi bọ̀ nísàlẹ̀. Ó yọ ẹsẹ̀ mi nínú irin, a sì jọ gòkè. Ó ní, "My brother, the rope no gree talk again, but I see say bubble still dey come up. Na him I take know say you dey." Èémí tí mo gbọ́ nísàlẹ̀, òun náà ló rí tó ń hó lójú omi.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ibi tọ́rọ̀ há sí. Láti ọjọ́ náà, mi ò lè wọ omi mọ́. Bí mo bá dé etí odò, mo máa ń pa dà sílé. Iná ni mo ń tàn sílẹ̀ tọ̀sán-tòru. Ọ̀gá wa ní òun á fi ààyè mi sílẹ̀ di ìparí oṣù kẹwàá, lẹ́yìn náà òun á gba ẹlòmíràn. Ẹ̀yin lẹ ti bá Ọlọ́run rìn pẹ́. Ẹ sọ fún mi: ṣé ẹni tó ti bá A pàdé a tún máa bẹ̀rù òkùnkùn?

Ọmọ yín,
Akínfẹ́nwá.


Òkè-Igbó,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù keje, ọdún 2000.

Akínfẹ́nwá,

Èmi Àǹtí Kíkẹ́ ni mò ń kọ ìwé yìí. Ìyá rẹ jókòó tì mí, àwọn ń sọ, èmi ń kọ. Wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ tún nǹkan kan ṣe nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ wọn nìyí:

Àjàní, ọmọ tí Olúwa fà lé mi lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kejì, mo dojú bolẹ̀ fún Un nígbà tí Kíkẹ́ ka ìwé rẹ. Mo yí gbiri nílẹ̀, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bì lu ewúrẹ́. Kí Tamunotonye má ṣe ṣìnà láéláé. Kí ọwọ́ tó fi wá ọ má ṣe tẹ́ láyé.

O bi mí ní ìbéèrè. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹni tó mọ Ọlọ́run a máa bẹ̀rù òkùnkùn. Ẹni tó yẹ kí o bi gan-an lo bi. Ojú mi ti ń lọ, Akínfẹ́nwá. Àìsàn kan ni tó ń jẹ ojú láti ẹ̀gbẹ́ bọ̀ wá sí àárín. Dókítà ní Ìbàdàn sọ fún mi láti ọdún tó kọjá pé òògùn lè dá èyí tó kù dúró díẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó ti lọ ti lọ. Ti ọ̀tún ti kú. Ti òsì ku igun kékeré kan, ìyẹn ni mo fi ń yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí n tó lè rí èèyàn. Ìyẹn náà ni wọ́n ń pè ní áńgẹ́lì.

Ìtìjú ni kò jẹ́ kí n sọ ọ́. Èmi tí mo máa ń gbàdúrà fún ojú àwọn ẹlòmíràn. Mo gbàdúrà fún tèmi, àjà ni ó ń dúró sí. Nígbà tí o kọ̀wé pé èèyàn ń fa okùn tí kò sẹ́ni tó dáhùn, mo bínú sí ọ nítorí pé ohun tó wà lọ́kàn mi gan-an lo kọ. Mo ń dìde lọ́jọ́ ìsinmi, mo ń kọrin, inú mi ṣófo. Lọ́jọ́ kan mo di ìwé orin mú lódìkejì, ìjọ ní ẹ̀mí gbé mi. Obìnrin kan wá bi mí bóyá kí ọmọ òun rìnrìn-àjò tàbí kó má rìn, mi ò mọ ohun tí n ó sọ, mo bú sẹ́kún. Ó ní àmì ibi ni, ó lọ ilé, ó sì so ọmọ mọ́lẹ̀ kó má bàa rìn. Nǹkan tó ń pa mí nìyẹn. Bí ọjọ́ ìkórè bá dé tí wọ́n da òróró lé mi lórí, n ó di ẹni tó ń purọ́ mọ́ Ọlọ́run títí n ó fi kú. Bí mo bá sì sọ òótọ́, wọ́n á ní ẹlẹ́tàn ni mí, wọ́n á sì lé mi kúrò láàárín àwọn tí mo bá dàgbà.

Ọ̀rọ̀ èémí tí o kọ yẹn, mo ní kí Kíkẹ́ tún un kà, ó tún un kà títí ó fi ní ọ̀fun ń dun òun. (Òótọ́ ni. Kíkẹ́.) Kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń rìn nísàlẹ̀ yẹn. Ẹ̀rù ń bà mí.

Ìyá rẹ,
Comfort.


Mile One, Diobu,
Port Harcourt.
Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù keje, ọdún 2000.

Màmá mi, Àǹtí mi,

Mo kí yín lọ́kọ̀ọ̀kan. Màmá, inú bí mi, mo sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí n máa fi gègé ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà tójú yín ń lọ. Ìwé ẹyọ kan ì bá ti gbé mi wálé. Ó tán, ìbínú mi ti tán. Ẹ jẹ́ ká ṣiṣẹ́.

Lákọ̀ọ́kọ́, ohunkóhun ò gbọdọ̀ kúrò ní ààyè rẹ̀ nínú ilé. Àǹtí Kíkẹ́, ọwọ́ yín ni ọ̀rọ̀ yìí wà, nítorí ẹ fẹ́ràn àtúntò. Ẹ wá okùn tó yi, ẹ so ó láti ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn dé ilé ìdáná, láti ibẹ̀ dé ẹnu kànga, kó ga tó ìbàdí Màmá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa dá rìn ín. Ọwọ́ máa ń kọ́ ọ̀nà, ó sì máa ń rántí ju ojú lọ. Bí ẹ bá ṣì ọ̀nà, Màmá, ẹ má sáré, ẹ má sì pariwo. Ẹ dúró. Ẹ gbọ́ èémí yín ná. Bí ẹ bá ti gbọ́ ọ, ẹ ó mọ̀ pé Ẹni tó wà lókè ò tíì lọ, ẹ ó sì lè wá ọ̀nà.

Mo lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì o. Èmi, Tamunotonye àti Belema la jọ lọ. Kalabari ni wọ́n fi ń kọrin, àmín nìkan ni mo gbọ́, síbẹ̀ omi bọ́ lójú mi. Ẹ jẹ mí ní irú.

Ẹ jẹ́ ká dá májẹ̀mú kan. Ẹ̀rù ń bà yín láti dúró níwájú ìjọ, ẹ̀rù ń ba èmi náà láti wọ omi. Lọ́jọ́ ìkórè, ẹ̀yin ẹ dìde, kí ẹ sọ òótọ́. Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, èmi náà á wọ̀ ọ́. Mi ò ní mọ̀ bóyá ẹ ṣe é, ẹ̀yin náà ò ní mọ̀ bóyá mo ṣe é, títí ìwé á fi dé. Ká jọ gbẹ́kẹ̀ lé e bẹ́ẹ̀.

Ọmọ yín,
Akínfẹ́nwá.


Òkè-Igbó,
Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kẹwàá, ọdún 2000.

Àjàní ọkọ mi,

Kíkẹ́ ló ń kọ ọ́, èmi ni mò ń sọ ọ́. A kí ọ, a tún kí ọ. Ibi ìkórè ni mo ti ń bọ̀ yìí, mi ò tíì bọ́ṣọ funfun. Mo ní kí Kíkẹ́ mú gègé kí n tó jẹun. (Ebi ń pa mí. Kíkẹ́.)

Okùn tí o ní ká so, a so ó. Ó gbà mí lọ́pọ̀ ìkọsẹ̀. Àǹtí rẹ sá aṣọ sórí rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, mo di ìró rẹ̀ mú dé kànga, mo rò pé ìró náà ni okùn. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n báyìí. Mo ń pọn omi fúnra mi. Níbi kànga yẹn ni mo ti tún bẹ̀rẹ̀ sí gbàdúrà. Mo máa ń dúró, mo máa ń gbọ́ èémí mi, n ó sì sọ pé ẹ ṣé. Àdúrà tó kúrú jù lọ tí mo ti gbà rí ni, òun ló sì kọjá àjà.

Wàyí o, gbọ́ bó ṣe lọ lónìí. Ìjọ kún fọ́fọ́. Bàbá Adésànyà pè mí síwájú, wọ́n ti gbé òróró dání. Mo ní, "Bàbá, ẹ dúró. Mi ò kì í ṣe wòlíì. Ojú mi ló ń fọ́. Nígbà tí mo bá yí orí, ẹ̀yin ni mò ń wá, kì í ṣe áńgẹ́lì. Mo fi pamọ́ fún yín nítorí ìtìjú, mo sì bẹ̀ yín." Mo dárúkọ obìnrin tó so ọmọ rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo ní kó tú u sílẹ̀ kó máa lọ.

Gbogbo ilé dákẹ́ rọ́rọ́. Akínfẹ́nwá, ìgbà yẹn ni mo mọ òkùnkùn tí o sọ. Mi ò rí ojú ẹnì kankan, mi ò mọ̀ bóyá wọ́n ń bínú, mi ò mọ̀ bóyá wọ́n ti dìde tí wọ́n ń lọ. Mo fa okùn, kò dáhùn. Mo bá ṣe bí o ṣe kọ́ mi. Mo dúró, mo gbọ́ ọ, ó ń wọlé, ó ń jáde. Ẹ̀rù náà kúrò ní ọrùn mi.

Bàbá Adésànyà wá bi mí, ohùn wọn rọ̀, wọ́n ní, "Ìyá Akin, kí ni ẹ wá ń rí báyìí?"

Mo ní, "Mi ò rí nǹkan kan, Bàbá. Ó wà níbí ṣá."

Mo gbé orin sókè, láìsí ìwé. Ohùn mi nìkan ni fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ni gbogbo ìjọ gbè é, tí páànù ilé ń mì. Ọmọ mi, mo jó. Mi ò jó bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ ìgbéyàwó mi. Bàbá Adésànyà ò fi mí jẹ wòlíì. Wọ́n da òróró náà sí mi lójú méjèèjì, wọ́n ní èmi ni n ó máa lé orin fún ìjọ, wọ́n sì sọ fún gbogbo èèyàn pé ìjọ wa ti ń wá ìran kiri, òótọ́ ló wá bá a lálejò. Bí a ṣe jáde, Bàbá Dúrósinmí tó ń lu agogo ìjọ fà mí lápá, ó ní ojú òun náà ti ń ṣú, òun rò pé wọ́n á gba agogo lọ́wọ́ òun ni. Kíkẹ́ yóò mú un lọ sí Ìbàdàn lọ́sẹ̀ yìí, pẹ̀lú àwọn mìíràn tí wọ́n ti fara pamọ́ bíi tèmi.

Èmi ti ṣe tèmi. Ọ̀la ni Ajé.

Ìyá rẹ,
Comfort.


Port Harcourt,
Ọjọ́ kẹrin, oṣù kọkànlá, ọdún 2000.

Màmá mi,

Ẹ kú ayọ̀. Mo wọ̀ ọ́.

Kí ìwé yín tó dé ni mo wọ̀ ọ́. Tamunotonye so okùn mọ́ mi, mo sì so àmùrè funfun yín sábẹ́ rẹ̀. Ó wo àmùrè, ó bi mí pé, "Wetin be this one?" Mo ní tìyá mi ni. Ó ní, "Correct." Nígbà tí omi bo akoto mi, ó ń ṣe mí bíi kí n fa okùn kí wọ́n gbé mi sókè. Mo dúró. Mo gbọ́ afẹ́fẹ́. Mo sọ pé ẹ ṣé. Mo wá ń ronú pé bóyá ẹ̀yin náà ti dìde lánàá, bóyá ẹ jókòó, mi ò mọ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí kọ orin tẹ́ ẹ kọ lọ́jọ́ ìsìnkú Bàbá mi, èyí tí mi ò lè kọ lọ́jọ́ náà. Mo kọ ọ́ tán nísàlẹ̀ odò, mo ń jó irin lọ. Iná náà ò kú. Wọ́n ti tún wáyà ṣe, mo sì gbàgbé, ni gbogbo àwọn tó wà lókè bá gbọ́ mi. Wọ́n ní kí n má fi iṣẹ́ orin ṣe jẹun.

Mo pa iná yàrá mi lálẹ́ ọjọ́ náà, mo sùn. Ìwé yín dé lẹ́yìn náà, mo kà á fún Tamunotonye àti Belema, a jó nínú pálọ̀ wọn. Belema ní kí ẹ wá. Abdulwahab á gbé yín bọ̀ lóṣù kìíní.

Ọmọ yín,
Akínfẹ́nwá.


Òkè-Igbó,
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kejì, ọdún 2001.

Àjàní mi,

A ti délé láyọ̀. Ẹja gbígbẹ tí Belema dì fún mi, àwọn ará ilé ti jẹ ẹ́ tán. Mo ti sọ fún gbogbo ìjọ pé ọkùnrin Kalabari tí a gbààwẹ̀ lé lórí jókòó tì mí, ó sì ń yọ eegun ẹja fún mi. Bàbá Adésànyà ní kí n bá wọn tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó kù díẹ̀ tí mi ò sọ fún ọ, nítorí o wà nísàlẹ̀ nígbà tó ṣẹlẹ̀. Lọ́jọ́ tí o mú mi dé èbúté, lẹ́yìn tí omi ti bò ọ́, Tamunotonye fà mí súnmọ́ ara rẹ̀. Kò fi okùn sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbé ọwọ́ mi lé e, lẹ́yìn tirẹ̀. Ó ní, "Mama, hold am well. Na your pikin dey for the other end." Okùn náà tutù, ó ń gbọ̀n díẹ̀ bí ohun tó lẹ́mìí. Mo ní kó jẹ́ kí n fà á. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n fà á.

Mo fà á. Akínfẹ́nwá, ẹnì kan ò rí ẹnì kejì níbẹ̀. Ìwọ ò rí mi, èmi ò rí ọ, omi àti òkùnkùn ló wà láàárín wa. Ojú mi ti kú tán báyìí, igun tó kù náà ti lọ lọ́sẹ̀ tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ, mi ò sọ fún ọ nítorí mi ò fẹ́ kí o sunkún lórí ọbẹ̀. Mo dúró, mo di okùn mú, mo ń gbọ́ bí omi ṣe ń hó níbi tí èémí rẹ ti ń jáde. Mo ń ronú pé bóyá báyìí ni Ọlọ́run ṣe ń dúró lórí wa. Kì í lọ. Ó ń gbọ́ wa tí à ń mí.

O sì fà á padà.

Mo pariwo, gbogbo èbúté ló gbọ́. Wọ́n rò pé ẹja ló fà mí. Mo jó níbẹ̀ lójú gbogbo wọn, Tamunotonye di èjìká mi mú kí n má bàa jó wọnú odò. Ọmọ mi, ẹ̀rù òkùnkùn ò bà mí mọ́. Mo mọ ohun tó wà ní ìkángun okùn.

Mo ti gba gègé lọ́wọ́ Kíkẹ́. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ìlà yìí, bó bá gun òkè, jẹ́ kó gùn ún.

Kò séwu lókè.

Ìyá rẹ,
Comfort.